A Jẹ Ìrẹsì Tán, Fọ́tò Ṣì Wà: Ìtọrẹ Àánú Kérésìmesì ní Agbègbè Tchaourou

Ní oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá, ìjọ kan pè wá sí abúlé kan nínú kọ́múùnù Tchaourou. Wọ́n fẹ́ pín oúnjẹ ọdún fún àwọn opó àti àwọn arúgbó, wọ́n sì fẹ́ kí a bá wọn gbé e jáde nínú ìròyìn. Nígbà tí a débẹ̀, a bá àwọn ìyá bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò. Àpò ìrẹsì kéékèèké wà nílẹ̀ níwájú wọn, ìgò òróró kọ̀ọ̀kan sì wà lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Aago mọ́kànlá ti kọjá. Láti aago mẹ́jọ ni àwọn ìyá náà ti jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yìn tí a parí iṣẹ́ wa ni a tó mọ̀ pé àwa tí a gbé kámẹ́rà lọ́wọ́ gan-an ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó pín nǹkan.

A ya fọ́tò. A ní kí ìyá kan gbé àpò tiwọn sókè díẹ̀ kí ojú wọn lè hàn. Wọ́n gbé e sókè. A ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín. Fọ́tò náà dára púpọ̀. Òun la fi ṣáájú ìròyìn wa, àwọn èèyàn sì pín in káàkiri lórí Facebook àti WhatsApp, wọ́n ń kí ìjọ náà kú iṣẹ́ rere.

Ní oṣù Kejì ọdún yìí, a ṣe kòńgẹ́ ìyá náà ní ọjà Tchaourou, nídìí ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n ń tà. Àwọn ló kọ́kọ́ dá wa mọ̀. Ọmọbìnrin wọn wà nílé ọkọ ní Parakou. Níbi ìkómọ kan, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ na fóònù sí i níwájú àwọn àlejò, ó bi í pé ṣé kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló ń gba ìrẹsì ọ̀fẹ́ yìí. Ọmọ náà sunkún délé. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ń béèrè ìdí tí wọn kò fi sọ fún òun pé kò sí oúnjẹ nílé. Ìyá náà kò bú wa. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn àti àwọn ọmọ-ọmọ àwọn fi jẹ ìrẹsì náà tán, àmọ́ fọ́tò yẹn kò tíì tán.

A yọ ọ́ kúrò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn, ta ló lè kó o padà? Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ àpilẹ̀kọ yìí nísinsìnyí tí Kérésìmesì, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní Nowẹ́ẹ̀lì, tún kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìpè mẹ́ta ti wà lọ́wọ́ wa báyìí pé ká wá ya fọ́tò níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣàánú.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé a kì í ṣoore tán ká tún lóṣòó tì í. Ẹni tó lóṣòó ti oore ń dúró kí wọ́n wá dúpẹ́ ni, ó sì fẹ́ kí àwọn tó ń kọjá lọ rí i níbẹ̀. Bíbélì kò sọ ohun tó yàtọ̀. Nínú Ìwàásù Orí Òkè, ní orí kẹfà Ìhìnrere Mátíù, Jésù bẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ń fẹ́ kí gbogbo ìgboro gbọ́ kí wọ́n tó fún aláìní ní nǹkan. Ìyìn èèyàn ni irú wọn ń wá, ìyìn náà ni wọ́n sì gbà, kò tún sí èrè mìíràn tó kù fún wọn. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì ṣe àpèjúwe bó ṣe yẹ kí àánú pamọ́ tó. Ọ̀pọ̀ wa ló ti mọ ibẹ̀ yẹn sórí láti kékeré. Àmọ́ bó bá ti di oṣù Kejìlá, àfi bíi pé ojú ìwé yẹn máa ń ya kúrò nínú Bíbélì wa.

Ibòmíràn wà tí a kì í sábà fara balẹ̀ kà. Ní orí kejìlá Ìhìnrere Máàkù, opó kan ju ẹyọ owó kéékèèké méjì sínú àpótí ọrẹ ní Tẹ́ńpìlì, níbi tí àwọn olówó ti ń ju ọ̀pọ̀ owó sí i. Jésù ní tirẹ̀ ló pọ̀ jù lọ, torí gbogbo ohun tó ní láyé ló fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí Jésù pè. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló pè sọ́dọ̀ kó tó sọ̀rọ̀ obìnrin náà fún wọn. Kò pe opó yẹn síwájú èrò, kò sì ní kó gbé ohunkóhun sókè. Kò jọ pé obìnrin náà mọ̀ pé ẹnì kankan ń wo òun.

Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ Tchaourou, Boni Yayi tó ṣe ààrẹ Benin láti 2006 sí 2016 ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, torí ọmọ ibẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kọ́múùnù náà tóbi ju ilé ẹnì kan lọ. Àgbègbè méje ló wà nínú rẹ̀: Alafiarou, Bétérou, Goro, Kika, Sanson, Tchatchou àti Tchaourou fúnra rẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2013 ka èèyàn tó lé ní 220,000 níbẹ̀. Nàgó, Bàríbá, Fúlàní àti àwọn ẹ̀yà mìíràn jọ ń gbé, Mùsùlùmí àti Kristẹni sì wà nínú agboolé kan náà. Boni Yayi fúnra rẹ̀, ilé Mùsùlùmí ló ti dàgbà kó tó di Kristẹni ajíhìnrere. Torí náà, bí Kérésìmesì bá dé, abọ́ ìrẹsì kì í wo ẹ̀sìn kó tó wọlé aládùúgbò. Bí Iléyá bá dé, ẹran àgbò a bá ọ̀nà kan náà padà. Ọmọdé ló máa ń gbé abọ́ náà, aṣọ á bò ó, ọmọ náà á sọ pé ìyá òun ní kí òun gbé e wá, á sì sáré padà. Kò sí ẹni tó ń ka iye abọ́. A ò tíì rí ẹni tó ya fọ́tò ọmọ tó gbé abọ́ lọ sílé aládùúgbò rí.

Oṣù Kejìlá ní apá ọ̀dọ̀ wa yìí kì í ṣe àkókò ìyàn. Iṣu wà lọ́jà, ọyẹ́ ti ń fẹ́, ọ̀nà ti gbẹ. Ẹni tó ní oko iṣu ń rí owó. Ẹni tí kò ní oko, tàbí tí ọkọ rẹ̀ kú tí àwọn ẹbí ọkọ sì gba ilẹ̀, kajú tó ń bá àwọn èèyàn ṣà ni ojú rẹ̀ wà, kajú kò sì ní í so títí di oṣù Kejì tàbí Kẹta. Àárín owó iṣu tí kò kàn án àti owó kajú tí kò tíì dé ni Kérésìmesì bọ́ sí. Ọkọ̀ ń já àwọn tó ti Parakou, Cotonou àti Nàìjíríà dé sẹ́bàá ọ̀nà, pẹ̀lú báàgì, adìẹ àti bàtà tuntun. Àwọn ìjọ Sẹ̀lẹ́ ń múra ìrìn àjò lọ sí etíkun Sèmè. Ọmọ opó ń rí gbogbo èyí, ó sì ń bi ìyá rẹ̀ léèrè aṣọ tirẹ̀. Ìyá tó ti fi ẹ̀kọ lásán sùn láìmọye ìgbà láìsunkún lè sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàánú lákòókò yìí, ó yẹ kó mọ̀ pé ojú ń ti ẹni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ òun kó tó jáde nílé rárá.

Nínú kọ́múùnù yìí kan náà, ní Papané, ilé ìwòsàn ìjọ Kátólíìkì kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ lẹ bímọ sí tàbí ibẹ̀ lẹ gbé ọmọ tí ibà ń ṣe lọ lóru. Saint Martin ni orúkọ rẹ̀. A ti kọjá níwájú ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó sọ sí wa lọ́kàn láti béèrè ẹni tí Martin yìí jẹ́.

Ilẹ̀ tí à ń pè ní Hungary lónìí ni wọ́n bí i sí, ní ọ̀rúndún kẹrin. Ọmọ sójà ni, òun náà sì wọṣẹ́ sójà Róòmù. Lọ́jọ́ kan nígbà òtútù, ní ẹnubodè ìlú Amiens ní ilẹ̀ Faransé, ó rí alágbe kan tó wà níhòòhò, tí àwọn èèyàn ń kọjá lára rẹ̀. Martin ti fi ohun tó ní tọrẹ fún àwọn ẹlòmíràn ṣáájú, aṣọ ìlékè ọrùn rẹ̀ nìkan ló kù. Ó fa idà yọ, ó gé aṣọ náà sí méjì, ó fún alágbe ní ìdajì, ó sì da ìdajì tó kù bo ara rẹ̀. Àwọn kan tó dúró síbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín nítorí bí sójà ṣe rí nínú àjákù aṣọ. Lóru ọjọ́ yẹn, ó rí Krístì lójú àlá, ìdajì aṣọ yẹn ló wà lọ́rùn Rẹ̀. Sulpicius Severus tó mọ Martin lójúkojú ló kọ ìtàn náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Martin wá di bíṣọ́ọ̀bù ìlú Tours, ó sì kú ní ọdún 397.

Nígbà tí Martin gé aṣọ yẹn, kò tíì ṣe ìrìbọmi. Ẹni tó ṣì ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ni, kò ní ipò kankan nínú ìjọ. Yorùbá sì máa ń sọ pé bí ẹnì kan bá ní òun á dá ọ láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Martin kò lọ ṣa àkísà jọ láti ilé, ti ọrùn rẹ̀ gan-an ló pín. Ṣùgbọ́n ohun tó mú wa dúró jù lọ nínú ìtàn yẹn ni ẹ̀rín àwọn èèyàn. Ta ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín? Sójà ni. Ojú tó yẹ kó ti alágbe, ara ẹni tó ṣàánú ló bọ́ sí. Lábẹ́ igi máńgòrò tí a ti ya fọ́tò lọ́dún tó kọjá, òdìkejì èyí ló ṣẹlẹ̀: àwọn tó fúnni gba ìyìn, àwọn tó gbà á gbé ìtìjú lọ sílé.

Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni àjọ̀dún Martin. Láyé àtijọ́, àwọn Kristẹni ilẹ̀ Faransé máa ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ yẹn títí di Kérésìmesì. Ẹ ò rí i pé ààwẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣí ọ̀nà fún ọdún, kì í ṣe ariwo rédíò.

Ti Saint Nicolas tún pani lẹ́rìn-ín. Bíṣọ́ọ̀bù Myra ni, ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, ní ọ̀rúndún kẹrin bákan náà. Ìtàn sọ pé bàbá kan wà ládùúgbò rẹ̀ tó ní ọmọbìnrin mẹ́ta tí kò sì ní owó tí yóò fi fún wọn lọ́kọ. Nicolas dúró kí ilẹ̀ ṣú, ó sọ àpò wúrà gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì sá lọ. Ìgbà mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ni ayé sọ di Papa Noël tó ń wọ aṣọ pupa, tó ń jókòó sórí àga ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ilé ìtajà kí òbí lè san owó fọ́tò. Ẹni tó ń sá kí wọ́n má bàa rí òun lóru wá di ẹni tí wọ́n ń tò dè lọ́sàn-án.

Ní Benin wa yìí, ohun kan tún wà tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú. Ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ni a dìbò aṣòfin ọdún 2023. Èyí tó tẹ̀ lé e, ti àwọn aṣòfin àti àwọn ìgbìmọ̀ kọ́múùnù pa pọ̀, ọjọ́ 11 oṣù Kìíní 2026 ni. Ẹ ka ọjọ́ náà láti Kérésìmesì: kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìdí nìyí tí ìrẹsì ọdún fi ń wọ abúlé pẹ̀lú fìlà àti ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ya àwòrán sí, tí ẹni tó gbé e wá á sì ní Ọlọ́run ló rán òun. A kò sọ pé kí ebi máa pa èèyàn kó wá kọ ìrẹsì o. Ẹ gbà á, ẹ sè é, kí àwọn ọmọ jẹ. Àmọ́ kí a má ṣe pè é ní àánú Kristẹni. Àánú kì í padà wá béèrè ìbò ní ọjọ́ kẹtàdínlógún.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn, a bẹ̀rẹ̀ sí wá àwọn tó ń fúnni láìpariwo. Iṣẹ́ náà le, torí ẹni tó ń fi pamọ́ kò ní í wá bá oníròyìn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá lọ́jà ló mú wa dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta èlò ọbẹ̀: òróró, tòmátì inú agolo, iyọ̀, magí, ìrẹsì tí wọ́n ń wọ̀n. Wọ́n ní a lè kọ ọ̀rọ̀ náà bí a kò bá dárúkọ àwọn, tí a kò sì dárúkọ ọjà.

Gbogbo ẹni tó ń tajà mọ ìwé àwìn. Ti ìyá yìí jẹ́ ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí etí rẹ̀ ti ká, tí epo ti ta sí. Olúkúlùkù oníbàárà ní ojú ewé tirẹ̀. Àwọn mìíràn kò mọ̀wé kọ, nítorí náà ìyá náà fi àmì sí ojú ewé wọn: àwòrán ìgbálẹ̀, ti ìkòkò, ti ẹsẹ̀ adìẹ. Láti oṣù Kẹsàn-án ni gbèsè ti máa ń gorí ara, torí àwọn ọmọ ń padà sílé ẹ̀kọ́. Bí Kérésìmesì bá fi kan ilẹ̀kùn, àwọn tí gbèsè wọn pọ̀ kì í lè wá sídìí àtẹ mọ́. Wọ́n á gba ẹ̀yìn ọjà kọjá kí ìyá má bàa rí wọn. Ìyá náà mọ̀. Wọ́n ní àwọn máa ń rí gèlè wọn láti ọ̀ọ́kán.

Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì, wọ́n á ṣí ìwé náà lálẹ́, wọ́n á mú ojú ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ti opó tàbí ti ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, wọ́n á ya á. Wọn kì í fa ìlà lé e, wọ́n ní ìlà ṣì ń jẹ́ kí ènìyàn rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á fi ojú ewé náà dáná. Bó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á rán ọmọ sí onígbèsè pé kó wá, pé àwọn ṣi owó rẹ̀ kà, pé ó ti san án tán láìmọ̀. Oníbàárà á yarí díẹ̀, ìyá á ní àwọn ló ni ìwé, àwọn ló mọ̀. Ó tún lè wá rajà láwìn fún ọdún pẹ̀lú orí gbígbé sókè.

A bi wọ́n pé ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn fún Kristẹni. Wọ́n wò wá títí, wọ́n wá ní kí a ra nǹkan tàbí kí a kúrò níwájú àtẹ, a ń dí oníbàárà lọ́wọ́. A ra magí.

Kò sí ẹni tí ó lè fi èyí ṣe ìròyìn níbi ayẹyẹ. Iye rẹ̀ ò pọ̀ lójú ẹni tó ń kó àpò ìrẹsì ọgọ́rùn-ún wọ abúlé. Àmọ́ ọjà kékeré ni, èrè orí agolo tòmátì kan kò tó nǹkan. Ojú ewé mẹ́rin lè jẹ́ èrè odidi oṣù kan. Ọ̀rọ̀ opó inú Tẹ́ńpìlì ló padà sí wa lọ́kàn nígbà tí a ń lọ.

Bó bá jẹ́ pé ẹni tó lówó rẹpẹtẹ nìkan ló lè ṣe é, a kò bá má sọ̀rọ̀. Ọmọ Benin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ti kárí ayé, Grégoire Ahongbonon. Iṣẹ́ táyà lílẹ̀ ló gbé e dé Côte d'Ivoire ní 1971. Ó lówó, ó ra ọkọ̀ takisí, ó sì pàdánù gbogbo rẹ̀ débi pé ó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àlùfáà kan ràn án lọ́wọ́ láti lọ sí ilẹ̀ mímọ́, níbi tó ti gbọ́ ìwàásù pé olúkúlùkù Kristẹni ló yẹ kó fi òkúta tirẹ̀ kún kíkọ́ ìjọ. Ó padà sí Bouaké, òun àti ẹgbẹ́ àdúrà kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí bẹ àwọn aláìsàn wò ní ilé ìwòsàn. Wọ́n rí i pé àwọn kan ń kú nítorí owó oògùn tí kò tó nǹkan, wọ́n sì ń dá owó náà láàárín ara wọn.

Ní nǹkan bí 1990, ó rí wèrè kan níhòòhò tó ń wá oúnjẹ nínú ààtàn. Ojoojúmọ́ ló ń rí irú wọn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó wá yé e pé Jésù tí òun ń wá ní ṣọ́ọ̀ṣì ló wà nídìí ààtàn yìí. Ó ra fíríìjì, ó ń kó omi tútù àti oúnjẹ sínú rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ a sì máa jáde lóru láti bọ́ àwọn tó ń sùn sí títì. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Saint Camille de Lellis ti bẹ̀rẹ̀, tó ń tú àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́ igi sílẹ̀, tó sì ń tọ́jú wọn. Ó ti ní ibùdó ní Côte d'Ivoire, Benin, Burkina Faso àti Togo. Avrankou wà lára ti ọ̀dọ̀ wa. Lóòótọ́, Grégoire ń sọ̀rọ̀ ní gbangba, ó sì ti gba àmì ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń gbé oúnjẹ kiri lóru ní Bouaké, kò sí oníròyìn tó tẹ̀ lé e, ẹni tó sì ń bọ́ kò lè dìbò, kò lè dúpẹ́ lórí rédíò.

Ó kù síbì kan tí àwọn tó ń pín nǹkan ní ẹ̀tọ́ láti dá wa lóhùn. Pásítọ̀ kan sọ fún wa láìfi bò pé àwọn ará tó wà ní òkè òkun ló ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n sì ń béèrè ẹ̀rí. Bí kò bá sí fọ́tò, wọ́n á ní wọ́n ti jẹ owó náà. Òótọ́ ni. A ti rí ibi tí àpò ìrẹsì ti gbéra ní Cotonou tí kò dé ibi tí wọ́n rán an. Ìjọ àkọ́kọ́ pàápàá ní irú ìṣòro yìí: ní orí kẹfà Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì ni wọ́n ń gbójú fò nígbà ìpín oúnjẹ, èyí ló mú kí wọ́n yan ọkùnrin méje tí yóò bójú tó o. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kó owó ìrànwọ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù, àwọn ìjọ yan ẹni tí wọ́n fọkàn tán láti bá a rìn kí ẹnikẹ́ni má bàa fẹ̀sùn kàn án. Àánú tó fara pamọ́ kì í ṣe àánú tí kò ní àkọsílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kò béèrè ojú opó. Ẹ ya fọ́tò àpò ìrẹsì nígbà tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ ya ti ìwé ẹ̀rí tí oníṣòwò fún yín. Kí àwọn mẹ́ta tí ìjọ mọ̀ fọwọ́ sí iye tó wọlé àti iye tó jáde. Kí orúkọ àwọn tó gbà á wà nínú ìwé kan tí àlùfáà tàbí pásítọ̀ tì mọ́ inú àpótí. Ẹgbẹ́ Saint Vincent de Paul, tí Frédéric Ozanam àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Paris ní 1833, ti ń ṣe irú èyí tipẹ́. Ìpàdé wọn máa ń ní àpò kan tó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí olúkúlùkù á ki ọwọ́ bọ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ẹni tó fi 5,000 fráǹkì sí i àti ẹni tó fi 100. Lẹ́yìn náà, wọ́n á lọ sí ilé aláìní fúnra wọn, wọ́n á jókòó, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀. Wọn kì í pe aláìní jáde wá sábẹ́ igi.

Ìjọ kékeré kan létí ojú irin ní apá ọ̀dọ̀ wa tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Wọ́n máa ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ìjọ tí ọjà wọn kò tà, wọ́n á sì pín in ní àṣálẹ́, ilé sí ilé, pẹ̀lú àwọn ọmọdé tó gbé abọ́ lórí. Ilé tó ní àti ilé tí kò ní ni wọ́n ń gbé e lọ, ohun tó wà nínú abọ́ ni kì í dọ́gba. Aládùúgbò kò lè mọ ẹni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ nínú gbogbo ilé tí abọ́ wọ̀. Ó ná wọn ní oúnjẹ díẹ̀ sí i. Lójú tiwa, owó tí wọ́n fi ra ìyì àwọn opó nìyẹn, kò sì wọ́n.

Ìpè mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ wa, a ti fèsì. A ní a ó wá, a ó kọ iye àpò tó wọlé àti ibi tí owó ti wá, ṣùgbọ́n a kò ní í ya ojú ẹnikẹ́ni tó ń gba nǹkan. Ọ̀kan gbà. Ọ̀kan ní àwọn á ronú sí i. Ẹ̀kẹta ní àwọn ti rí oníròyìn mìíràn.

Kí a tó kọ àpilẹ̀kọ yìí, a padà lọ bá ìyá tí a ya lọ́jọ́sí láti tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. A bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń sá ẹ̀lùbọ́ sórí ẹní. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè ni bóyá a gbé kámẹ́rà dání. A na ọwọ́ méjèèjì sí wọn. Wọ́n ní ká wá jókòó, wọ́n yọ iṣu sísun nínú eérú, wọ́n bu epo àti iyọ̀ sí àwo, a sì jọ jẹ ẹ́ títí oòrùn fi rọ̀. Wọ́n gbà pé ká kọ ọ́, bí orúkọ àwọn àti ti abúlé kò bá ti hàn. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, wọ́n di iṣu méjì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù wa, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa iṣu yẹn nínú ìròyìn.

Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, ẹ má bínú sí wa.